Píkọ́ọ̀pù Aláwọ̀ Eérú

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sì ní bu iyọ̀ kún un. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà déédéé yóò ti rí ọkọ̀ náà rí: píkọ́ọ̀pù ràgàjì kan, aláwọ̀ eérú, obìnrin kan ṣoṣo ló máa ń wà á. Bí ẹ bá rí i, ẹ kí i, kí ẹ sì kọjá. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé yín. Kò ní gbé yín, kì í sì í ṣe pé ó láhun.

Ìwàlẹwà lorúkọ rẹ̀. Obì ló ń tà. Òṣogbo ló ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, Iléṣà ni wọ́n ti fẹ́ ẹ, oko obì tí ọkọ rẹ̀ jogún sì wà lẹ́yìn Ìwàrà. Gbọ́láhàn lorúkọ ọkọ náà. Kànga ẹ̀rọ ló ń gbẹ́ kiri òkè ọya. Ó lè lo oṣù méjì níbẹ̀ kó tó wá lo ọ̀sẹ̀ kan nílé. Ní gbogbo ìgbà tó bá sì wálé, ọ̀rọ̀ kan náà ni tọkọtaya yìí máa ń sọ lórí ibùsùn. Wọ́n á ra píkọ́ọ̀pù. Kì í ṣe kékeré o! Àwọn ńlá ti Amẹ́ríkà yẹn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó kí àgbàlagbà méjì nà gbalaja. Lójoojúmọ́ yóò máa kó obì. Tí ìkórè bá dé, wọ́n á tẹ́ tìmùtìmù sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lé e, wọ́n á pàgọ́ sáàárín oko, wọ́n á máa ka ìràwọ̀.

"Ìwọ lo máa ka tọwọ́ ọ̀tún," Gbọ́láhàn á wí, "èmi á ka tòsì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sùn ló máa dáná láàárọ̀."

Ìwàlẹwà á bú sẹ́rìn-ín. Ó kúkú mọ ẹni tó máa dáná.

Gbọ́láhàn kú sí òkè ọya. Ibà ni wọ́n pè é, kí wọ́n tó mọ ohun tó jẹ́ gan-an, ó ti lọ. Wọ́n gbé e wá sí Iléṣà, wọ́n sin ín síwájú ilé bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó lọ síwájú. Nílé tí wọ́n ti bí Ìwàlẹwà, àti nílé ọkọ rẹ̀, wọn kì í gbé ẹni tó kú sí ìdálẹ̀ wálé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó máa júwe ọ̀nà fún un. Bí wọ́n bá dé odò: "Odò nìyí o, a fẹ́ kọjá." Bí wọ́n bá dé oríta: "Oríta nìyí, ọwọ́ ọ̀tún là ń yà." Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà: "A ti délé o, sọ̀ kalẹ̀." Ara nìkan ni ọkọ̀ ń gbé. Ìyókù, ohùn ló ń tẹ̀lé. Ẹni tí wọn ò bá bá sọ̀rọ̀, inú ọkọ̀ ni yóò jókòó sí, tí yóò máa retí ẹni tó máa sọ fún un pé ó ti dé.

Ìwàlẹwà kò sí nínú ọkọ̀ tó gbé Gbọ́láhàn. Olúmúyìwá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, alàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òun àtàwọn alàgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló lọ gbé e. Láti ọjọ́ náà, Ìwàlẹwà kò fi ojú kan ọkọ rẹ̀ lójú àlá. Kò rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn opó ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ pé ọkọ àwọn wá lóru, ó bá àwọn jẹun, ó tilẹ̀ bá àwọn jà. Ìwàlẹwà a máa jowú wọn. Ilẹ̀ kì í tíì ṣú tán tí yóò ti lọ dùbúlẹ̀, kó lè pẹ́ lójú oorun, bóyá ẹni rẹ̀ á yà. Àárò Gbọ́láhàn sọ ọ́ títí ó fi ń rù.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tó o, ó lọ ra ọkọ̀ náà. Ó ní bí ẹni tí àwọn jọ sọ ọ́ kò bá sí, ọ̀rọ̀ tí àwọn sọ ṣì wà.

Ọ̀nà Ìkìrun ni Akeem ti ń ta ọkọ̀. Ọmọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn ni Akeem. Ó fa Ìwàlẹwà lọ síwájú pupa kan. Ìwàlẹwà ní kó tan án. Ó tan án, èéfín dúdú bo àwọn méjèèjì.

"Akeem, ṣé ọkọ̀ lo ń tà ni àbí ààrò?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Màmá. Ẹ wo funfun yìí. Tòkunbọ̀ gidi! Kò tíì mọ kòtò kankan ní Nàìjíríà."

Funfun dára lóòótọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní gbọ̀nrìgbọ̀nrì, éésì rẹ̀ ń fẹ́ bí ọyẹ́. Ìwàlẹwà fa géèjì ọ́ìlì yọ, ó wò ó, ó mọ́. Ó wo abẹ́, kò sí ìpẹtà. Ló bá ká ìró sókè, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ, ó dùbúlẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta.

"Ó kúrú," ló wí.

Akeem ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá, obì ni tàbí ènìyàn lẹ fẹ́ tẹ́ síbẹ̀?"

Ìwàlẹwà sọ̀ kalẹ̀. Ó ti rí òmíràn. Ó wà lẹ́bàá ògiri lọ́hùn-ún, eruku bò ó, aláwọ̀ eérú. Akeem kò mú un dé ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rìn lọ. Ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Ó gùn tó. Ó tún fẹ̀. Àyè ẹnì kan ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé àyè náà.

"Mo fẹ́ wa èyí wò," ló wí.

Akeem kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Funfun yẹn dáa jù ú lọ o."

"Mo ní mo fẹ́ wà á wò."

Wọ́n gba ọ̀nà Iléṣà, Akeem jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ náà ń lọ geere. Wọ́n dé orí afárá odò Ọ̀ṣun. Ó kú.

Kò gbọ̀n, kò sì hó. Ó kàn dákẹ́ ni. Ìwàlẹwà yí kọ́kọ́rọ́, òfo. Ó tún un yí, òfo. Ọlọ́kàdà kan fọn fèrè lẹ́yìn wọn, ó bú wọn tọmọtọmọ, ó kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ kò sí ọkọ̀ níwájú, kò sí lẹ́yìn. Omi nìkan ló ń dún nísàlẹ̀. Akeem sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti orí bọ abẹ́ rẹ̀. Ìwàlẹwà yọ kọ́kọ́rọ́, ó dì í mọ́wọ́.

Nígbà náà ló gbọ́ ọ. Ẹnì kan mí.

Ìjókòó ẹ̀yìn ni. Èémí gígùn kan, irú èyí tí ẹni tó ti dúró pẹ́ títí máa ń mí. Ìwàlẹwà kò yíjú. Ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú ọkàn rẹ̀, ó rọra sọ ọ́:

"Odò nìyí o. Odò Ọ̀ṣun ni. A fẹ́ kọjá."

Ẹ́ńjìnnì ta jí. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Akeem fò sẹ́yìn. "Subuhanallahi! Màmá, ẹ fẹ́ gé mi lọ́wọ́ ni? Ẹ̀yin lẹ tan án?"

"Èmi ni." Irọ́ ló pa.

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀nà Ìkìrun, ó bi í pé, "Níbo ni wọ́n ti gbé ọkọ̀ yìí wá?"

"Òkè ọya."

"Kí ni wọ́n fi ń gbé?"

"Ẹrù."

"Ẹrù wo?"

Akeem nu ojú. "Màmá, mo ti bi ẹni tó tà á fún mi. Ó ní ẹrù ni. Ó ní kí n má bi òun mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti rà á lọ́wọ́ mi tí wọ́n tún dá a padà. Ẹ jẹ́ ká mú funfun, ẹ jọ̀ọ́."

Ṣé ẹ rí oníṣòwò tó ń bẹ oníbàárà pé kó má ra ọjà òun? Àmọ́ òkè ọya tí Ìwàlẹwà gbọ́ yẹn, kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ọkọ̀ tó gbé Gbọ́láhàn wálé nìyí. Ó san owó aláwọ̀ eérú. "Wallahi, mo ti sọ tèmi," ni Akeem wí, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ bí ẹni tó ń ju ẹyín iná nù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìwàlẹwà ń lọ sọ́jà. Kò tíì jáde ládùúgbò tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké: pín-ín, pín-ín, pín-ín. Ó wo àmì tó ń tàn níwájú rẹ̀. Bẹ́líìtì ni. Ọkọ̀ ńlá wọ̀nyí máa ń ké bí ènìyàn bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tí kò de bẹ́líìtì. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Kò sí àpò níbẹ̀, kò sí ìwé. Pín-ín, pín-ín. Ìwàlẹwà na ọwọ́, ó fa bẹ́líìtì náà, ó há a. Igbe dá.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbọ́láhàn kì í de bẹ́líìtì láyé rẹ̀! Àwọn ọlọ́pàá ti dá a dúró lójú pópó títí ó fi sú wọn.

"Ìwọ náà ni," ló wí. "Olórí kunkun."

Bó ṣe di ìṣe rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ á há bẹ́líìtì, á wakọ̀ lọ. Tó bá dé odò, á wí. Tó bá dé oríta, á wí. Ọkọ̀ náà kò kú mọ́. Ó ń kó obì, ó ń gun òkè, ó ń wọ ẹrẹ̀, kò ṣàárẹ̀. Láàárín ọ̀nà, Ìwàlẹwà a máa ròyìn bí obì ṣe wọ́n, bí Tómilọ́lá, ọmọ wọn tó ń kàwé ní Ẹ̀sà-Òkè, ṣe ń ṣe. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ kì í fèsì, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ó dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń rọ̀. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sípò. Àlá nìkan ni kò tíì lá. Ìyẹn ń kọ ọ́ lóminú díẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Olúmúyìwá wá láti Iléṣà láti gbàdúrà lé ọkọ̀ náà lórí. Ó ta òróró sí táyà, ó ta sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó gbé ọwọ́ lé ìjókòó. Ó yọ ọwọ́ kíá.

"Ìyàwó, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbí? Ó móoru."

"Kò sẹ́nì kan, Bùọ̀dá." Ìwàlẹwà wò ó lójú. "Nígbà tí ẹ gbé Gbọ́láhàn bọ̀, ta ló júwe ọ̀nà fún un?"

Olúmúyìwá ń nu òróró ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ní ta ló bá a sọ̀rọ̀, Bùọ̀dá?"

"A kọ orin."

"Orin nìkan?"

Àgbàlagbà náà jókòó sórí pèpéle, ó tẹ orí ba. "Mo fẹ́ sọ ọ́, ìyàwó. Nígbà tá a dé Lọ́kọ́ja, níbi odò ńlá yẹn, ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Àbúrò mi ló wà lẹ́yìn, ṣé mi ò mọ ohun tí ìyá wa ìbá ṣe ni? Àmọ́ àwọn alàgbà jókòó tì mí. Ojú wọn tì mí."

"Nítorí ojú?"

"Nítorí ojú."

Ìwàlẹwà kò bá a jà. Ó ní, "Ẹ má banú jẹ́ mọ́. Ó ti ń bọ̀ wálé." Olúmúyìwá wo bẹ́líìtì tó há mọ́ ìjókòó tó ṣófo, ó kó òróró rẹ̀, kò sì dúró jẹun.

Ìkórè dé. Ìwàlẹwà tẹ́ tìmùtìmù sẹ́yìn ọkọ̀, ó mú nẹ́ẹ̀tì, ó mú àtùpà. Ètò tó ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ sun oorun ẹyọ kan yẹn lóko, bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, yóò wà á lọ síwájú sàárè ní Iléṣà, yóò sọ gbólóhùn tó kù: a ti délé, sọ̀ kalẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, á lọ. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà bẹ́ẹ̀. Alẹ́ kan péré, Olúwa.

"Iléṣà nìyí o," ló wí bí wọ́n ti ń la ìlú kọjá. "A kò tíì dúró. Oko là ń lọ."

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé abà. Bàbá Fáṣínà, tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà, ń bọ̀ láti ìdí kòkó rẹ̀ pẹ̀lú àdá. Ó ti mọ Gbọ́láhàn láti ìgbà tó ti ń rákòrò. Ó dúró, ó wo inú ọkọ̀.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ìwọ àti àlejò rẹ."

Inú Ìwàlẹwà dùn kọjá sísọ. Ẹlòmíràn ti rí i! Bàbá náà ti rìn jìnnà kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wọ̀ ọ́ lára. Àlejò kẹ̀? Ta ni àlejò nínú oko baba rẹ̀? Ó ní ojú ló ti ń ṣe bàbá náà bàìbàì. Ó ta nẹ́ẹ̀tì.

Ilẹ̀ ṣú. Ìràwọ̀ yọ. Àwọn ìrẹ̀ ń ké lábẹ́ igi obì, òórùn ewé tí òjò àná pa ń fẹ́. Ìwàlẹwà dùbúlẹ̀ sí apá kan tìmùtìmù, ó fi apá kejì sílẹ̀. Ó ka ìràwọ̀ tọwọ́ ọ̀tún títí. Kò sẹ́ni tó ka tòsì.

"Gbọ́láhàn," ló wí. "Ibi tá a jọ sọ nìyí."

Ìrẹ̀ dákẹ́. Gbogbo wọn, lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti iwájú ọkọ̀, láti ìjókòó ẹ̀gbẹ́, ohùn kan dáhùn. Ohùn ọ̀dọ́ ni. Ohùn tó rọ̀, tó ti rẹ̀.

"Ìyá," ló wí, "ibí kọ́ o."

Gbọ́láhàn kò pe Ìwàlẹwà ní ìyá rí.

Ó jókòó. "Ta ni ọ́?" Kò sí èsì. "Ọmọ ta ni ọ́?" Èémí gígùn yẹn nìkan, bíi ti ọjọ́ orí afárá. Ìwàlẹwà fi aṣọ di ẹnu, ó sunkún. Ó dà bí ẹni pé ìgbà náà gan-an ni Gbọ́láhàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Gbogbo ìròyìn tó ti ń rò, gbogbo ẹ̀rín, ọmọ ọlọ́mọ ló ń rò ó fún. Lẹ́yìn ẹkún, inú bí i. Ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á dá ọkọ̀ padà fún Akeem.

Ilẹ̀ mọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ náà gbàgà. Ó fẹ́ sọ pé, "Sọ̀ kalẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́." Ó bá bẹ́líìtì ní híhá. Òun fúnra rẹ̀ ló tú u lálẹ́ àná. Ẹni náà ti ń kọ́ ọ, ó ti há a fúnra rẹ̀, bí ọmọ tó ti múra tán tó ń retí kí wọ́n mú òun lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ náà kú sí i lẹ́nu. Ìyá kan wà níbì kan tí òun náà kò lá àlá ọmọ rẹ̀ rí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó rọra tì í.

Láti ìgbà náà, bí ọjà bá ti tú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Ìwàlẹwà á kó tìmùtìmù àti nẹ́ẹ̀tì, á mú ìlú kan pọ̀n. Á dúró sí etí ìlú bí oòrùn bá ń wọ̀, á pa ọkọ̀. "Ẹ̀sà-Òkè nìyí o. Ṣé ibí ni?" Á dúró. Á tún bi í. Bí kò bá gbọ́ nǹkan, á sùn síbẹ̀, á padà láàárọ̀. Ní Iperindo, bẹ́líìtì tú fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí yangí, ó lọ díẹ̀, ó dúró. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ó padà, ilẹ̀kùn tì, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìwàlẹwà há bẹ́líìtì náà fún un, ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. A ó máa wá a."

Tómilọ́lá ti bẹ̀ ẹ́ títí. "Mọ́mì, ẹ ta ọkọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ni n ó tà á fún? Ẹni tó máa dákẹ́?"

Ó ti bi Olúmúyìwá léèrè ọkọ̀ tó gbé Gbọ́láhàn. Wọ́n ti tà á. Ẹni tó rà á ti kùn ún lọ́dà mìíràn, ó ti tún un tà. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà mọ́. Ó lè wà ní Mínná. Ó lè wà ní Ìbàdàn. Bóyá ẹni tó ń wà á ń gbọ́ èémí lẹ́yìn ara rẹ̀, tó ń yí rédíò sókè kó má baà gbọ́ ọ.

Nítorí náà, bí Ìwàlẹwà bá dé orí afárá, tó ti sọ odò fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tán, á yí gíláàsì wálẹ̀, á kọjú sí ọkọ̀ yòówù kó máa bọ̀ níwájú, akérò, akẹ́rù, kò ṣẹ̀ṣà. Á sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Wọn kì í gbọ́, wọ́n á kọjá lọ fìrì, á sì tún un sọ fún èyí tó tẹ̀ lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, Gbọ́láhàn lorúkọ rẹ̀. Iléṣà ni ilé rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un."